Sístà Ọmọ́wùnmí, Abẹ́rẹ́ Ojú, àti Gbẹ́nàgbẹ́nà Ìbẹ̀fún

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi. Nọ́ọ̀sì ojú ni èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú títí ó fi di òwú. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí èèyàn bá kí mi, ẹyinjú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó dáhùn. Wọn ò purọ́ mọ́ mi. Ojú lọba ara, ta ni yóò wọ ààfin tí kò ní kọ́kọ́ wo ọba?

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò ní ìtàn nínú. Mo jáde nílé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ilé ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ń wá èèyàn sí ẹ̀ka ojú, wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́, mo ní mo fẹ́. Owó oṣù ń wọlé, ó sì ń jáde. Ebi ò pa mí, n ò sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín, àti bí a ṣe gún abẹ́rẹ́ sínú ojú èèyàn láàárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ ọ ń rò pé irọ́ la ń pa.

Sístà Ọmọ́wùnmí ni orúkọ ọ̀gá mi. Obìnrin Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni, ó kúrú, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ bó bá sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin, àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù obìnrin á dáhùn. Gbogbo wa la bẹ̀rù rẹ̀. Kódà dókítà wa, ọmọ Èkìtì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, máa ń wo èékánná ara rẹ̀ kó tó wọ tíátà, kí Sístà má baà bá a wò ó.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo ti lọ aṣọ mi, mo ti de fìlà nọ́ọ̀sì mi dáadáa, mo ń retí pé yóò fún mi ní síríńjì. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní kí n jókòó, ó fi òwú bo ojú mi méjèèjì, ó fi bándéèjì dì í, ó ní, “Jókòó síbẹ̀ títí n ó fi dé.” Ó bá tirẹ̀ lọ. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, n ò mọ ẹni tó ń lọ tàbí ẹni tó ń bọ̀. Ẹnì kan gbé ife tíì lé mi lọ́wọ́, ó gbóná, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á sára. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, n ò mọ ẹni tí mo lè bi. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan ṣàdédé kàn mí lọ́rùn láìsọ̀rọ̀. Mo fò sókè, mo kígbe “Jésù!”

Sístà ló fọwọ́ kàn mí. Ó tú bándéèjì, ó wò mí.

“Nínú gbogbo ohun tó ṣe ọ́ láàárọ̀ yìí, èwo ló burú jù?”

“Ọwọ́ yẹn ni, mà. Ọwọ́ tí kò sọ̀rọ̀.”

“Ó dáa. O ti kọ́ ẹ̀kọ́ kìíní. Aláìsàn ojú kì í rí ọwọ́ rẹ tó ń bọ̀. Ẹnu rẹ ni kó máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Sọ orúkọ rẹ, sọ ohun tó o fẹ́ ṣe, kó o tó fọwọ́ kàn án.”

Láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, n ò fọwọ́ kan aláìsàn kan rí láìsọ orúkọ mi. Ọkọ mi sọ pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun náà nínú oorun.

Tòmátò ni mo fi kọ́ abẹ́rẹ́ gígún. Sístà á ra èyí tó pọ́n dáadáa, á ní kí n gún omi sábẹ́ awọ rẹ̀ kí awọ náà wú, kí abẹ́rẹ́ má sì kan ẹran inú rẹ̀. Bí mo bá bà á jẹ́, á sọ pé, “O ti fọ́ Ìyá Ìjagun lójú. Mú òmíràn.” Gbogbo tòmátò tí mo bà jẹ́ ló ní orúkọ èèyàn tí mo ti fọ́ lójú. Nígbà tí ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá balẹ̀, ojú ìyá mi nìkan ló kù tí n kò tíì fọ́.

Ẹ má rò pé irinṣẹ́ ìgbà yẹn dà bíi tòní. Síríńjì onídígí la ní. Bí a bá lò ó tán, a ó fọ̀ ọ́, a ó sè é nínú ìkòkò rẹ̀ títí omi á fi hó dáadáa, a ó sì tún lò ó. Abẹ́rẹ́ náà bẹ́ẹ̀. A máa ń fi òwú nu ṣóńṣó rẹ̀. Bó bá fa òwú, ó ti kú nìyẹn, a ó lọ pọ́n ọn lórí òkúta. Sístà lè gbọ́ ìró ìkòkò náà láti yàrá kejì kó sọ pé omi rẹ̀ ò tíì hó. Bó bá sì di pé a fẹ́ fa oògùn, ó ní òfin kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rú: ẹni tó mú ìgò á ka orúkọ rẹ̀ sókè, ẹnì kejì á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á tún un kà. Ó ní, “Bọ́mọdé bá mọwọ́ wẹ̀, á bágbà jẹun. Ìwọ ti wẹ ọwọ́. Ó ku kó o mọ ohun tó o ń jẹ.”

Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn abẹ́rẹ́. Bí o bá fún wọn ní oògùn oníhóró, wọ́n á máa wò ọ́ bí ẹni pé o rẹ́ wọn jẹ. Àmọ́ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀bá ojú ni abẹ́rẹ́ náà ń lọ! Mo rí ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀ tó fẹ́ fi fèrèsé jáde. Wọ́n á ní, “Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.” Sístà á ní, “Ṣebí òkèèrè tí ẹ ti ń wò ó náà ni ojú fi ṣú báyìí? Ẹ sùn sílẹ̀.” Wọ́n á sì sùn sílẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìgbà náà ni òfin gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni dókítà fi ń rán ojú nígbà yẹn, ìwọ̀nba sì ni agbára tó ní. Ohunkóhun tó bá lè mú kí èèyàn wúkọ́ tàbí kó sín lè já a. Nítorí náà, Sístà fòfin de gaàrì mímu, kí ó má baà sá sí aláìsàn lọ́fun kó máa wúkọ́. Ó fòfin de aáṣà, nítorí sísín. A máa ń fi àpò iyanrìn há orí wọn lọ́tùn-ún lósì kí wọ́n má baà yí i. “Ẹ má bẹ̀rẹ̀, ẹ má gbé nǹkan, ẹ má bínú,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí ní àràárọ̀. Ìyá kan fi aáṣà pamọ́ sí ìṣẹ́po ìró rẹ̀, Sístà gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Èmi rò pé kò sí ohun tí Sístà ò tíì rò tán. Àṣé ohun kan ṣì kù.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí mo débẹ̀ ni wọ́n mú Bàbá Ṣódìpẹ̀ wá láti Ìbẹ̀fún. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ó ti dàgbà, àmọ́ ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú un wá, ó sì ń bínú.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bi bàbá mi léèrè ohun tí férémù ilẹ̀kùn ṣe fún wọn.”

Férémù tí bàbá náà fọwọ́ ara rẹ̀ kàn kó tó bí ọmọ yìí, tó sì gún régé, ló déédéé sọ pé ó ti wọ́. Ó yọ ọ́, ó fá a, ó tún un kàn. Ó wò ó, ó ní ó ṣì wọ́. Ó tún yọ ọ́. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ò tì mọ́, ewúrẹ́ ń wọlé bó ṣe wù wọ́n, àwọn ará àdúgbò sì ti ń sọ pé ògógóró ni Bàbá ń mu.

Mo bi í pé ṣé kò ní okùn tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń wọn nǹkan ni.

“Mo ní in,” bàbá náà dáhùn. “Okùn ní ó gún. Ojú mi ní ó wọ́. Okùn yìí, ọjà ni mo ti rà á. Ojú yìí, òun ló ti ń bọ́ mi láti kékeré. Ìwọ ọmọ yìí, èwo ni ìwọ ì bá gbà gbọ́?”

Dókítà tan iná sí ẹ̀yìn ojú òsì rẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, ó ṣàlàyé fún un: àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ti hù níbi tí kò yẹ kí wọ́n hù, ní àárín ẹ̀yìn ojú gan-an, níbi tí èèyàn fi ń kàwé, tó sì fi ń dá ojú ọmọ rẹ̀ mọ̀. Wọ́n ń jò. Ẹ̀jẹ̀ àti omi tó jò náà ti gbé ibẹ̀ wú, ìdí nìyẹn tí ohun tó gún fi ń wọ́ lójú rẹ̀. Àìsàn àgbà ni.

“Ó dáa,” ni Bàbá wí. “Ẹ gún mi lábẹ́rẹ́ ẹ̀.”

“Bàbá, kò tíì sí abẹ́rẹ́ ẹ̀.”

Mo fẹ́ràn dókítà yẹn fún ọ̀rọ̀ náà. Ẹlòmíràn ì bá gún un ní omi lásán kó lè lọ sílé pẹ̀lú ìtura. Òun ò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ojú òsì náà ṣú láàárín, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ nìkan ló kù tí Bàbá fi ń rí òjìji èèyàn bó bá ń kọjá. Ojú ọ̀tún ló kù, òun náà sì ti ní kátárátì, dígí inú rẹ̀ ti funfun bí omi ẹ̀kọ, ó ti tó ọdún púpọ̀ tí kò ti lè fi ojú ọ̀tún náà dá ẹnikẹ́ni mọ̀ dáadáa.

Kátárátì ní tirẹ̀ ní iṣẹ́ abẹ. Dókítà tan iná sí ojú ọ̀tún náà, ó ní òun ní ìrètí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì dára. Bàbá wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wa, ó sọ ọ́ ní Ìjẹ̀bú ponbele, kò sì rẹ́rìn-ín: òun ò bẹ̀rù ikú, àmọ́ òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ọ̀pá fa òun kiri ìlú tó jẹ́ pé òun lòun kan ìdajì ilẹ̀kùn ibẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé ojú kan ṣoṣo ló kù fún un. Bí ìyẹn bá lọ, ó parí.

Èmi ni mo fa oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora abẹ, Sístà tún ìgò rẹ̀ kà tẹ̀ lé mi, dókítà gún un, ó yọ kátárátì náà, ó sì rán ojú. Iṣẹ́ náà dùn ún wò. Nígbà tí a gbé Bàbá padà sórí ibùsùn, Sístà ka àwọn òfin rẹ̀ fún un láti orí gaàrì dé orí aáṣà. Bàbá ní òun ti gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àlejò dé láti Èkó. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ni, ọmọ ìyá rẹ̀. Bàbá wọn kú nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ àbúrò rẹ̀, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́ igi, òun ló fẹ́ ìyàwó fún un. Mo ń gbé àwo oògùn bọ̀ nígbà tó wọlé nínú agbádá funfun. Ó dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ó pe oríkì àbúrò rẹ̀.

“Àkànní.”

Bàbá Ṣódìpẹ̀ tí ojú ọ̀tún rẹ̀ wà nínú bándéèjì yí orí díẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú òsì rí funfun agbádá náà. Ó ti àpò iyanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Mo pariwo, “Bàbá, rárá o!” Kí n tó gbé àwo sílẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kanlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ìrìn.”

Nígbà tí a gbé e dìde, omi ti rin bándéèjì.

Sístà sáré dé. Mo rò pé yóò fi ohùn rẹ̀ ya òrùlé. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi í pé, “Bàbá, ṣé mi ò sọ fún yín kí ẹ má bẹ̀rẹ̀?”

“Ẹ sọ fún mi,” ni bàbá náà wí. Ó yà á lẹ́nu tọkàntọkàn. “Mo bẹ̀rẹ̀ ni? Ẹ̀gbọ́n mi ni mo kí.”

Kò sí ẹni tó lè bá a jà. Èwo nínú wa ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á wọlé, tó máa dùbúlẹ̀ kó máa wò ó? Ara Bàbá ti dọ̀bálẹ̀ kí orí rẹ̀ tó rántí òfin.

Ojú ọgbẹ́ ti là. Dókítà tún un rán lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, a sì ń dúpẹ́ pé ó mọ níbẹ̀. Kò mọ níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ mélòó kan sí i, Bàbá kọ oúnjẹ, kò sì sọ ìdí. Sístà ní ọkùnrin Ìbẹ̀fún tó bá kọ oúnjẹ láìjà, nǹkan ń dùn ún gan-an. Ó tú bándéèjì. Ojú náà pọ́n kankan, ọyún funfun sì ti jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹyinjú.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nígbà náà. Kòkòrò ti wọ inú ojú. Oògùn tí a ń kán sí i kì í dé ibẹ̀ tó, abẹ́rẹ́ tí a ń gún sí ìdí kì í dé ibẹ̀ tó, èyí tí a ń gún sábẹ́ awọ ojú náà kì í tó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, yíyọ ni a ń yọ ojú bẹ́ẹ̀ kó má baà pa èèyàn. Mo ti rí i rí. Mo lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo sunkún.

Dókítà pe Sístà sẹ́gbẹ̀ẹ́, èmi náà wà níbẹ̀. Ó ní níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́, wọ́n ti ń gún oògùn sínú ojú fúnra rẹ̀, sí àárín omi inú rẹ̀, kí ó lè bá kòkòrò níbi tó wà. Òun ti wò ó, òun ò tíì dá a ṣe rí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí oògùn náà ṣe wà nínú ìgò, ó le jù. Bí a bá gún un bẹ́ẹ̀, yóò jó ibi ìríran, ọ̀tún á sì bá òsì lọ. Bí a bá fi omi là á jù, kòkòrò á yó, wọn ò ní kú. Ó gbọ́dọ̀ ṣe wẹ́kú.

Sístà ní, “Ìwọ mọ bó ṣe yẹ kó kéré tó?”

“Mo mọ̀ ọ́n, mà.”

“Sọ ọ́ títí yóò fi yé mi, kí n tún un sọ fún ọ. Bó bá yé àwa méjèèjì bákan náà, a ó ṣe é.”

Kí wọ́n tó ṣe é, dókítà bi Bàbá. Kò fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Bàbá ní, “Ìyẹn tòsì, ẹ ní kò sí abẹ́rẹ́ ẹ̀. Èyí tí ẹ wá ní ó lábẹ́rẹ́ yìí, kí ni mo fẹ́ máa wò? Ẹ gún un.”

Bí Sístà Ọmọ́wùnmí ṣe la oògùn ọ̀sán yẹn, n ò lè gbàgbé rẹ̀. Ó ka ìgò, mo tún un kà. Ó fa díẹ̀, ó gbé síríńjì sókè kí n rí ìlà tó dé, mo dárúkọ ìlà náà. Ó fi omi là á, ó mì ín, ó da èyí tó pọ̀ nù, ó tún fi omi là á. Gbogbo ohun tó ń ṣe ló ń sọ sókè, èmi sì ń gbè é. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, ó ní wọ́n ń pe Sístà ní ọ́fíìsì. Sístà wo síríńjì ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Ọkàn mi ti kúrò lórí rẹ̀,” ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó mú ìgò tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà dúró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè nínú ìbọ̀wọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé èmi náà fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí títí n ó fi darúgbó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, gbogbo ayé ló ń sọ ọ́, ojú mi rí ẹni tó ń ṣe é.

Dókítà gún un. Abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ tí a ní ni, ó wọlé, ó jáde. Bàbá kàn mí èémí kan.

Ó wá ku ká máa dúró. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò padà sí Èkó. Orí bẹ́ǹṣì tó wà níta wọ́ọ̀dù ló ń jókòó sí láti àárọ̀, agbádá funfun náà ti di aláwọ̀ eruku. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé òun lòun fọ́ àbúrò òun lójú. Sístà lọ bá a, ó kúnlẹ̀, obìnrin tí mi ò rí kó kúnlẹ̀ fún Mátírọ́nì rí.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ tọ́ wọn. Ọmọ tó bá dìde lórí àìsàn láti kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n tọ́ ọ dáadáa ni. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti yí òfin padà. Ó ní kò sí bí a ṣe lè sọ pé kí ọmọ Yorùbá má kí àgbà, a ó kàn fún un ní ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà kí i ni. Àlejò tó bá ń bọ̀, ẹnu ọ̀nà la ti ń bẹ̀ ẹ́ kó má gba ìdọ̀bálẹ̀. Aláìsàn á gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè lórí ibùsùn, á ní, “Mo dọ̀bálẹ̀,” àgbà á ní, “Mo gbà á, dìde,” gbogbo rẹ̀ á sì parí láìsí ẹni tó kúrò lójú kan. Àwọn kan kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín. Kò pẹ́ tí àwọn àgbà fúnra wọn ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé, “Ọwọ́ nìkan o! Ọwọ́ nìkan!”

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbọ́ bí ojú Bàbá ṣe rí. Ẹ fara balẹ̀, àgbà ló ń sọ̀tàn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ayé ṣe yí lójú mi, nítorí bí mo bá sọ ti Bàbá tán, ẹ ó dìde lọ.

Síríńjì onídígí lọ, ti ike dé, èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan kí a tó sọ ọ́ nù. Inú mi ò kọ́kọ́ dùn sí i, mo rò pé àwọn ọmọ tuntun ò ní mọ ìtọ́jú nǹkan. Ìka mi tó ń jóná nídìí ìkòkò ló bá mi gbà á. Okùn tí a fi ń rán ojú tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ó sì le sí i, àpò iyanrìn bá dèrò ìta. Dígí kékeré tí wọ́n ń fi sínú ojú dípò èyí tí wọ́n yọ dé, àwọn awò ńlá tó nípọn bí ìdí ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá nílẹ̀ wa. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, abẹ́rẹ́ tí Bàbá Ṣódìpẹ̀ béèrè fún ojú òsì rẹ̀ dé. Bẹ́ẹ̀ ni. Oògùn tó ń mú kí àwọn iṣan tó ń jò yẹn gbẹ, inú ojú gan-an ni wọ́n sì ń gún un sí, wọ́n á sì tún un gún léraléra. Ilé ìwòsàn ńlá kan ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Àwọn nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ ń gbọ̀n. Èmi ò gbọ̀n. Mo lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ láti sọ fún Sístà, ó ti darúgbó gan-an nígbà náà, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ṣé wọ́n ṣì ń ka ìgò sókè?” Mo ní wọ́n ń kà á. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò ní tàn yín. Ẹsẹ̀ á dùn yín. Ẹ ó rí ojú tí kò ní oògùn, ẹ ó sì ní láti sọ fún olójú. Àmọ́ wá, ìwọ tó o fẹ́ dáhùn pé o kò fẹ́, kọ́kọ́ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ Bàbá ṣe parí.

Ìrora náà kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ọyún bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí ẹyinjú fi mọ́. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá oògùn náà ti jó ibi ìríran. Láàárọ̀ ọjọ́ tí dókítà fẹ́ dán an wò, gbogbo wa péjọ sí ìdí ibùsùn. Sístà sọ fún ẹ̀gbọ́n náà pé kó wọlé. Ó dúró lẹ́yìn wa, kò fẹ́ súnmọ́ tòsí.

Dókítà tú bándéèjì, ó gbé awò nínípọn kan síwájú ojú ọ̀tún náà. Bàbá ṣẹ́jú. Ó wo dókítà. Ó wo Sístà láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ẹ̀yin ni Sístà?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ohùn yín mà ga jù yín lọ o.”

A bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì ń bọ́ lójú mi. Bàbá ò bá wa rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti gba ọwọ́ dókítà mú kí awò náà má baà mì, ó ń wò kọjá èjìká Sístà, ó ń wo ẹni tó dúró lẹ́yìn. Ó wò ó, ó tún wò ó, irun orí rẹ̀, ìrùngbọ̀n rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti wọnú. Ọkùnrin tó ń rí lọ́kàn ní gbogbo ọdún tí wọn ò fi rí ara wọn, géńdé ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí. “Ẹ mà ti darúgbó.”

Ẹ̀gbọ́n náà rìn gba àárín wa kọjá títí ó fi dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé gbé mọ́lẹ̀ sí i lójú, ó sì ṣí fìlà orí rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni o, Àkànní,” ó ní. “Wò mí dáadáa.”